Hàláálì Ni, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Mọ́? Oúnjẹ Ìta fún Ẹni Tó Rìnrìn-àjò Lọ sí Ìlú Onílùú

 

Àwọn tó ń múra Úmúrà ló bi wá ní ìbéèrè kan ní mọ́sálásí ní Àrìgìdì Àkókó. Wọ́n ní, ṣé kí àwọn kó gàrí àti èlùbọ́ dání ni, àbí kí àwọn máa jẹ oúnjẹ tí àwọn bá bá níbẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Ó dùn, ó ń ṣara lóore, ọ̀nà kan ni kí á fi mọ àwọn ará wa tí Ọlọ́hun dá sí ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni kí wọ́n máa bi oúnjẹ kí ó tó dé ẹnu, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ tí a fi ara kọ́ ni, ẹ jẹ́ kí á sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Búrẹ́dì ìdájí ní Mẹ̀dínà

Ní ọdún tí a bá àwọn ará Àkókó lọ sí Hájì gẹ́gẹ́ bí olùyọ̀ǹda ara-ẹni lórí ètò ìlera, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé Mẹ̀dínà ni a tẹ̀lé òórùn búrẹ́dì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni. Ní òpópónà kékeré kan lẹ́yìn ilé tí a dé sí, àwọn èèyàn ti tò sẹ́nu ilé búrẹ́dì. Ààrò amọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ó jinlẹ̀ bí ìkòkò aró. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì na ìyẹ̀fun pípò pẹrẹsẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààrò náà, kò sì pẹ́ tó fi irin gígùn fà á jáde. Tamees ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Afghanistan ló ti wá. Ó fẹ̀ tó tíréè ńlá. Wọ́n fi bébà wé e fún wa, ó ṣì ń jó wa lọ́wọ́.

Ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní ful ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Orí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń sè é pẹ́, wọn a gún un díẹ̀, wọn a sì da òróró ólífì lé e lórí. Àlààjá kan láti Àrìgìdì, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tọ́ ọ wò, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀wà àgànyìn nìyí o, ata nìkan ni wọ́n gbàgbé." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Àlààjá ti gba oúnjẹ ìta láyè. Gàrí tó gbé láti ilé kò jáde nínú àpò mọ́.

Ẹ kíyè sí oúnjẹ àárọ̀ yẹn dáadáa. Ojú wa ni wọ́n ti ṣe é. Iná kò tíì kúrò lára rẹ̀. Kò sì sùn níbì kankan kí ó tó dé ọwọ́ wa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a fi wà ní Mẹ̀dínà.

Ìrẹsì tó sùn lórí tábìlì

Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọlọ́rẹ máa ń pín sàráà fún àlejò Ọlọ́hun lójú títì: omi, dàbínù, wàrà, àti ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ nínú páálí. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àílà, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, wọ́n fún wa ní ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní kabsa. Ó ń rú èéfín. A jẹ, a yó, a ṣàdúà fún ẹni tó ṣe é. Àlààjá wá gbé páálí kan lọ sí yàrá, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní ti alẹ́ nìyẹn. Kò sí fíríìjì ní yàrá náà.

Lẹ́yìn Ìṣáì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó ṣí páálí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé oúnjẹ náà kò tíì bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọmọ mi, sàráà ni, ilẹ̀ mímọ́ sì ni. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan." A kò tún fèsì mọ́. Ojú àgbà ń tì wá.

Kí aago méjì òru tó lù, èébì ti dé, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ, kò sì lè dìde kírun. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí á lọ sí Arafah. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tí kò bá dúró ní Arafah kò ní Hájì. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá yìí fi tu owó jọ láti ara kòkó àti iṣu kí ó tó lè wá.

A pín ara wa sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹnì kan ń jókòó tì í nígbà gbogbo. Ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan ni a fi ń fún un ní omi ORS. Nígbà tí kò tètè lójú, a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n fa omi sí i lára. Ọlọ́hun ṣàánú wa. Ọjọ́ Arafah bá a lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n ó bá a níbẹ̀.

Ẹ̀bi tiwa ni a ń sọ yìí. Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe ní mọ́sálásí kí á tó gbéra nílé. A sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, a sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a sọ bí wọn yóò ṣe di oògùn wọn. A kò sọ̀rọ̀ kan nípa oúnjẹ tó sùn. Nígbà tí ó sì tó àkókò kí á sọ ọ́, ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè méjì

Nígbà tí Kùránì Alápọ̀nlé ń sọ irú oúnjẹ tó yẹ ká jẹ, ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀: hàláálì àti tayyib. Hàláálì ni ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa. Tayyib ni ohun tó dára, tó mọ́, tí kò ní pa ara lára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mú, tó sì fi èkejì sílẹ̀.

Nígbà tí a bá dé Mẹ́kà tí a mọ̀ pé ẹran tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jẹ́ hàláálì, ọkàn wa a balẹ̀, a kì í bèèrè ohun kan mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìrẹsì Àlààjá jẹ́ hàláálì látòkè délẹ̀. Ẹni tó ṣe sàráà kò jẹ̀bi, gbígbóná ló gbé e fún wa. Wákàtí mẹ́jọ tí ó lò lórí tábìlì ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní kí á má so ràkúnmí mọ́lẹ̀.

Ìdí tí títún gbóná kò fi gba ìrẹsì là

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn ìrẹsì, Bacillus cereus ni orúkọ rẹ̀. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wá láti oko. Bí a bá se ìrẹsì, kòkòrò náà á kú, ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan bí èso tó ní èèpo líle sílẹ̀, èyí tí omi híhó kì í pa. Bí ìrẹsì bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ níta, èso yẹn á hù, kòkòrò á tún pọ̀ sí i, á sì tú májèlé sínú oúnjẹ. Iná kì í pa májèlé tó ń fa èébì yìí. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ gbé ìrẹsì tó ti sùn níta padà sórí iná títí ó fi hó, kò yọ ọ́. Òórùn rẹ̀ lè má yí padà, adùn rẹ̀ náà lè má yí padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ́ wa pé kí oúnjẹ sísè má ṣe lò ju wákàtí méjì lọ níta. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbèrú jù lọ: oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ju èyí lọ, oúnjẹ tútù sì gbọ́dọ̀ tutù jù ú lọ. Níbi tí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni àwọn onímọ̀ ìlú Amẹ́ríkà gbà. Ẹ wá rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru Mẹ́kà dé 51.8°C. Oúnjẹ tí ẹ bá gbé rìn láti mọ́sálásí dé ilé nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, àkókò rẹ̀ ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1865, onígbáméjì wọ àárín àwọn oníhájì ní Mẹ́kà, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan bí 15,000 èèyàn ló kú. Àwọn tó ń padà lọ sílé gbé e dé Íjíbítì, láti ibẹ̀ ló ti wọ Yúróòpù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìjọba àgbáyé pàdé ní Constantinople, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí, lórí ọ̀rọ̀ náà. Ibùdó kan wà ní El Tor ní Sinai tí wọ́n ti ń dá àwọn oníhájì dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí irú kòkòrò onígbáméjì kan lára àwọn oníhájì ní ọdún 1905, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Irú El Tor yìí náà ló gbéra láti Indonesia ní ọdún 1961, tó sì wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970. Omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Lónìí omi tó mọ́ pọ̀ ní Mẹ́kà. Láti ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ ńlá kan ti wà ní Kudai níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi Zamzam, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ike. Ohun tí ìjọba kò lè bá wa ṣe ni ọwọ́ wa àti páálí tó wà lórí tábìlì wa.

Ohun tí ẹ lè tọ́ wò, àti bí ẹ ó ṣe wò ó

Mutabbaq: Wọ́n máa ń na ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á da ẹyin, ẹran lílọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n á ká a, wọ́n á sì dín in lórí irin gbígbóná lójú yín. Èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe náà wà, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ dúró kí wọ́n ṣe tiyín, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti kó jọ sínú díngí láti àárọ̀.

Shawarma: Ẹ wo bí ẹran ṣe ń yí lójú iná. Kí iná wà ní títàn, kí èyí tí wọ́n ń gé jẹ́ èyí tó ti jinná níta. Ibi tí èrò pọ̀ sí dára, nítorí ẹran kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún mayonnaise. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, májèlé tí wọ́n ń pè ní botulism mú èèyàn tó lé ní 70 ní Riyadh, ẹnì kan sì kú. Inú mayonnaise ni wọ́n ti bá a. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, ẹ ní kí wọ́n má fi sí i.

Sobia: Ohun mímu Rámádánì ni ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Ọkà báálì tàbí búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ṣúgà àti èròjà olóòórùn dídùn. Bíi kunu tiwa, ó máa ń kan bí ó bá pẹ́. Èyí tó tutù dáadáa, tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, ni kí ẹ rà. Ẹ mu ún tán lọ́jọ́ náà.

Wàrà ràkúnmí: Ẹ má mu ún ní tútù láti ọwọ́ ẹni tó ń ta á lẹ́bàá ọ̀nà. Wàrà tí wọn kò sè máa ń gbé kòkòrò Brucella, tó ń fa ibà tí kì í tán bọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrora oríkèé. Sáúdí Arébíà náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn MERS ní ọdún 2012, ara ràkúnmí sì ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Bí wọ́n bá sè é, ẹ lè mu ún.

Dàbínù: Súnnà ni, oúnjẹ rere sì ni. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan èyí tí kò sí nínú páálí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kí ó rántí pé nínú dàbínù gbígbẹ, ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ ni ṣúgà. Kí ó ka iye èyí tó jẹ, kí ó sì máa yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò bí dókítà rẹ̀ ṣe sọ.

Ewébẹ̀ tútù àti yìnyín: Èso tí ẹ lè bó fúnra yín ló dára jù. Bí ẹ kò bá mọ omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín, ẹ mu omi inú ike tí ẹ ṣí fúnra yín.

Lójú ọ̀nà Kútọnu

Kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ló ń lọ sí Mẹ́kà. Àwọn òǹtàjà wa láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu àti Lọ́mẹ́. Níbẹ̀, ìbéèrè kejì la máa ń gbàgbé nítorí pé èyí àkọ́kọ́ ló gba gbogbo ọkàn wa.

Èyí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun wọ́pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, epo kan náà ni wọ́n sì lè fi dín ohun gbogbo. Ẹ bèèrè kí ẹ tó jókòó. Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, Yorùbá ni ẹ ó fi bèèrè. Ní Kútọnu, ẹ wá àdúgbò Zongo, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ẹ ó rí kẹ́tùlù àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà àwọn búkà ibẹ̀.

Oúnjẹ wọn kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀kọ tiwa ni wọ́n ń pè ní akassa. Ablo ni èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí àgbàdo ṣe, tó rọ̀, tó sì dùn díẹ̀. Atassi ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Wàrà Fúlàní tí wọ́n ń pè ní wagashi náà wà, wọ́n sábà máa ń pa á láró pupa. Búrẹ́dì gígùn ti Faransé ń jáde láti ààrò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ béèrè ìgbà tó ń jáde, kí ẹ rà á ní gbígbóná. Atassi tó ti wà nínú abọ́ láti òwúrọ̀ di aago mẹ́rin, ìrẹsì Àlààjá ni. Wagashi tó ti jókòó nínú oòrùn, ẹ ní kí wọ́n dín in lójú yín.

Bí inú bá bàjẹ́

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ po ORS bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Ẹ rẹ́ ojú ṣíbí dọ́gba. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aláìsàn bá ń bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú kí ó máa mu ún lọ. Ẹ bi apòògùn nípa zinc fún ọmọdé.

Ẹ má sáré gbé Flagyl mì. Àwọn kòkòrò tó sábà ń da inú arìnrìn-àjò rú kì í ṣe èyí tí Flagyl ń pa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, loperamide, kò dára fún ọmọ kékeré, kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná.

Ẹ tètè wá dókítà bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí omi kò bá dúró nínú, bí aláìsàn kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn bí omi ìrẹsì. Àgbàlagbà, aboyún, ọmọdé, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí wọ́n tọ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sínú àpò: ọ̀rá ORS mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣíbí ìmutíì kan, ife tiyín, àti ọṣẹ kékeré. Sanitáísà dára lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti omi ló dára jù lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwa tí à ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́ ti sún mọ́ ìmọ́tótó. Kí á fi ọṣẹ kún un kí á tó jẹun.

Ìpàdé kẹrin ti wà ní mọ́sálásí wa báyìí kí àwọn arìnrìn-àjò tó gbéra, oúnjẹ nìkan ni a sì ń sọ níbẹ̀. Kì í ṣe àwa ni à ń sọ̀rọ̀. Àlààjá ni. Ó máa ń gbé páálí òfìfo kan sókè níwájú wọn, a sì máa ń rántí alẹ́ ọjọ́ tí ojú àgbà ń tì wá. Á ní: "Sàráà ni. Ilẹ̀ mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n aago mélòó ni wọ́n sè é?"

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣe ìrìn-àjò wa ní ìrọ̀rùn, kí ó fi hàláálì tó mọ́ bọ́ wa, kí ó sì mú wa padà sílé ní àlàáfíà. Àmín.